Etí Òkun Ló Ya Àwòrán Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ọkọ̀ Hobie 16 àti Ìdíje Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ wá síbí. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ sáré lórí omi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti rí àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń gbéra kúrò lójú omi pátápátá, àwọn yẹn gan-an lẹ sì ń retí. A óò débẹ̀ kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí mo mú wá lónìí ti lé ní àádọ́ta ọdún láyé. Òun kọ́ ló yára jù. Ó le láti yí lójú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń takìtì nígbà tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ò retí. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yí ìrísí rẹ̀ padà látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Síbẹ̀, wọ́n ti kan èyí tó lé ní 100,000 nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ márùn-ún ọkọ̀! Ẹ bá mi wá ọkọ̀ ìdíje mìíràn tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní rí púpọ̀.

Hobie 16 lorúkọ rẹ̀. Katamaráànì ni, ìyẹn ọkọ̀ oníkùn méjì. Wọ́n to ikùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n fi ọ̀pá alumíníọ̀mù so wọ́n pọ̀, wọ́n wá na aṣọ líle sáàárín. Orí aṣọ yẹn ni àwọn méjì tó ń wà á máa ń jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kì í ṣe eré sísá ló bí ọkọ̀ yìí, etí òkun ni. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń bú u fún ló wà lára rẹ̀ kó lè gbéra láti inú iyanrìn, kó sì tún padà sórí iyanrìn láìfọ́. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ ìdíje, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n bá àwọn àbùkù yẹn gbé ni yóò gba ipò kìíní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí California. Ọdún 1933 ni wọ́n bí Hobie Alter. Àwọn òbí rẹ̀ ní ilé ìsinmi ní Laguna Beach, létí òkun Pàsífíìkì, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú gáréèjì bàbá rẹ̀. Pákó tí àwọn èèyàn ń dúró lé láti gun ìgbì ló ń ṣe. Nígbà tó di 1954, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Dana Point. Igi balsa ni wọ́n fi ń ṣe pákó nígbà náà, igi yẹn sì wọ́n, kò pọ̀. Òun àti Gordon Clark, tó ń bá a ṣiṣẹ́, wá gbìyànjú títí wọ́n fi rí ọ̀nà láti fi fóòmù rọ́pò igi, tí wọ́n á sì fi fiberglass bo fóòmù náà. Ẹ fi ọgbọ́n yẹn sọ́kàn, nítorí òun náà ni wọ́n gbé wọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn ọ̀hún: ara ikùn Hobie 16, fiberglass ni lóde, fiberglass ni nínú, fóòmù tín-ín-rín ló wà láàárín. Ó le, ó sì fúyẹ́.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ohun tí Alter ń lé láyé kò ju méjì lọ, pé kó má wọ bàtà onítẹ̀lẹ̀ líle, kó má sì ṣiṣẹ́ ní ìhà ìlà oòrùn títì Pacific Coast Highway. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé ohun tó wà ní ìhà kejì títì náà, iyanrìn àti omi ni. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò lè ya ọkọ̀ tó máa dúró sí èbúté.

Òun kọ́ ló dá ọkọ̀ oníkùn méjì sílẹ̀ o. Àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì ti ń fi irú rẹ̀ la agbami kọjá kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Nathanael Herreshoff kan ọ̀kan tó pè ní Amaryllis, ó sì gbé e wá sí ìdíje ní New York ní 1876. Ó fi àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá tó bá a díje sílẹ̀ sẹ́yìn. Kí ni wọ́n wá ṣe fún un? Wọ́n ní ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ fi ń wo ọkọ̀ oníkùn méjì tìfura-tìfura lẹ́yìn náà. Ẹni tó borí, wọ́n ní kó máa lọ sílé! Ní Hawaii ní 1947, Woody Brown àti Alfred Kumalae kan Manu Kai, tí ikùn rẹ̀ kò dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má gbàgbé èyí náà, a máa padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Alter gbé ọkọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́, Hobie 14, jáde ní 1968. Ti èèyàn kan ṣoṣo nìyẹn. Láàárín ọdún díẹ̀, Hobie 16 tó jẹ́ ti èèyàn méjì tẹ̀ lé e. Òun àti Phil Edwards, gbajúmọ̀ nínú àwọn tó ń gun ìgbì, ni wọ́n jọ ya á. Ní 1976, ilé iṣẹ́ Coleman ra ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Alter kú ní 2014.

Ó yá, ọkọ̀ náà gan-an. Ẹ fojú inú wo etí òkun gbalasa, tí kò ní èbúté, tí kò ní ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ìgbì ń fọ́ lórí iyanrìn, ilẹ̀ ibẹ̀ dagun, omi ibẹ̀ kò ju orúnkún lọ fún ìwọ̀n ẹsẹ̀ mélòó kan. Ẹ wá sọ pé kí èèyàn méjì gbé ọkọ̀ láti ilẹ̀ gbígbẹ kọjá níbẹ̀, kí wọ́n ta ìgbòkun, kí wọ́n sì lọ. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Hobie 16 gùn tó mítà 5.05, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò 145 lọ. Èèyàn méjì lè wọ́ ọ.

Ìṣòro kejì ló le. Ọkọ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ rìn nílò ohun tí yóò máa di omi mú lábẹ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ni afẹ́fẹ́ á kàn máa tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní lè lọ síwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń tì wọ inú omi láti àárín ọkọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n pákó tó gùn wọ omi máa kan iyanrìn létí òkun. Á kán, tàbí kó fa ara ọkọ̀ ya. Ohun tí Alter àti Edwards ṣe ni pé wọ́n yọ pákó náà kúrò pátápátá, wọ́n sì fi iṣẹ́ rẹ̀ fún ikùn ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òde ikùn kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ ló wú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé ikùn kan sókè, ikùn kejì nìkan ló máa wà nínú omi. Ẹ̀gbẹ́ tó wú lára ikùn yẹn, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló kọjú sí. Omi tó ń sáré kọjá lára rẹ̀ á máa fà á lọ sí ìhà ibẹ̀, ìfà yẹn ló sì ń dojú kọ ìtì afẹ́fẹ́. Ọgbọ́n tó wà lára Manu Kai nìyẹn, wọ́n kàn jẹ́ kó kéré, kó fúyẹ́, kí owó rẹ̀ má ga ju agbára olówó oṣù lọ ni.

Wọ́n tún tẹ ikùn náà kọrọdọ láti iwájú dé ẹ̀yìn: imú rẹ̀ gòkè, ìdí rẹ̀ gòkè, àárín ló rì jù. Ìyẹn ń jẹ́ kó gun orí iyanrìn láìwọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó rọrùn díẹ̀ láti yí. Ìtọ́kọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn, ọ̀kan fún ikùn kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kankan nínú wọn bá kan ilẹ̀, ṣe ló máa ta sókè fúnra rẹ̀. Wọ́n sì fi òpó kúkurú mẹ́rin gbé aṣọ ìjókòó ga ju ikùn lọ, kí ìgbì tó bá ń gba àárín kọjá má bàa máa gbá àwọn tó jókòó.

Fífẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Mítà 2.41 ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ dín íǹṣì kan. Bí wọ́n bá jẹ́ kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, á lágbára sí i lójú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹrù tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ kò lè gba títì Amẹ́ríkà kọjá láìgba ìwé àṣẹ pàtàkì. Ọkọ̀ tí wọ́n máa fi mọ́tò fà lọ sétí òkun ní òpin ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ojú títì. Nítorí náà, ọlọ́pàá ojú títì náà ní ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà yìí. Èmi ò mọ ìdí tí wọn kì í fi dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ya á.

Àwọn ohun yòókù, mo máa yára kọjá lórí wọn. Òpó ìgbòkun rẹ̀ ga tó mítà mẹ́jọ, ó sì ń yí lọ yí bọ̀ kó lè máa kọjú sí afẹ́fẹ́. Ìgbòkun méjì ló ní, ńlá kan àti kékeré kan níwájú, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 20. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ìgbòkun ńlá láti etí kan dé èkejì kó má bàa máa gbọ̀n pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀. Aláràbarà ni, láti òkèèrè lèèyàn ti ń dá a mọ̀.

Wàyí o, owó tí wọ́n san fún gbogbo èyí. Àkọ́kọ́ ni yíyí lójú afẹ́fẹ́. Kò sí ọkọ̀ tó lè kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá tààrà kó sì máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ máa rìn wọ́gọwọ̀gọ, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ yí láti ọ̀tún sí òsì, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ la ojú afẹ́fẹ́ kọjá. Ọkọ̀ tó wúwo, ìwúwo rẹ̀ á tì í kọjá ibẹ̀. Hobie 16 fúyẹ́, kò ní pákó láàárín tó lè fi ṣe ìdí yíyí, ikùn gígùn méjì ló sì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dúró sójú afẹ́fẹ́ gbọnrangandan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà kì í fipá ti ìtọ́kọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì í. Ẹnì kejì á jẹ́ kí ìgbòkun iwájú gba afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn kó lè ti imú ọkọ̀ kọjá. Nígbà tí imú bá ti kọjá tán, ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú á tú okùn ìgbòkun ńlá díẹ̀, nítorí bí kò bá tú u, ìgbòkun náà á tún ti ọkọ̀ padà síbi tó ti ń bọ̀. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọkọ̀ ń padà sẹ́yìn lóòótọ́, wọ́n á yí ìtọ́kọ̀ sí òdìkejì, wọ́n á fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú wàhálà náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ á mọ́ ọn.

Èkejì ni takìtì. Imú ikùn náà tín-ín-rín, kò ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ nínú tó lè gbé e léfòó. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré pẹ̀lú afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti ẹ̀yìn, gbogbo agbára ìgbòkun tó wà lókè á máa tẹ imú rẹ̀ sísàlẹ̀. Imú kan á wọ omi. Bí wọn ò bá tètè sá sẹ́yìn tàbí kí wọ́n tú okùn, ikùn yẹn á dúró gbagidi, ìdí ọkọ̀ á dìde, ọkọ̀ á takìtì gba iwájú. Ẹni tó bá fara kọ́ wáyà òpó létí ọkọ̀ á fò kọjá iwájú òpó. Ẹ̀rín ni fún àwọn tó dúró létí òkun. Fún ẹni tó fò, ó sinmi lórí ohun tó fi orí gbá.

Bó bá ti dojú dé, wọ́n á tú gbogbo okùn ìgbòkun, wọ́n á jẹ́ kí imú ọkọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, wọ́n á dúró lórí ikùn tó wà nínú omi, wọ́n á di okùn tó so mọ́ ọkọ̀ mú, wọ́n á sì fẹ̀yìn sẹ́yìn títí afẹ́fẹ́ á fi wọ abẹ́ ìgbòkun tó sì gbé e dìde. Ẹni fúyẹ́ kan ṣoṣo kò lè dá a gbé. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ọkọ̀ èèyàn méjì ni lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Òpó alumíníọ̀mù tó ga tó mítà mẹ́jọ, tí èèyàn ń nà ró sórí ilẹ̀ kó tó wọ́ ọ lọ sómi, bó bá kan wáyà iná mọ̀nàmọ́ná, ikú ni. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti àwọn ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá ṣe apá òkè òpó náà. Comptip ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń díje ráhùn pé ó ń tẹ̀ ju alumíníọ̀mù lọ. Kí wọ́n máa ráhùn lọ.

Kí a tó wọnú ìdíje, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí àwọn méjì yẹn ń ṣe lórí ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ dojú ọkọ̀ dé, ìwọ̀n ló sì ń dá a dúró. Ikùn tó wà nínú omi ni ọkọ̀ ń yí lé lórí. Ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kílò 145, wà láàárín, nǹkan bíi mítà 1.1 sí ikùn yẹn: ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ó tó 160. Àwọn méjì tó wà á, ká ní àpapọ̀ wọn jẹ́ kílò 130, bí wọ́n bá jókòó sórí ikùn kejì, mítà 2.2 ni wọ́n fi jìnnà: 286. Tí wọ́n bá wá jáde sórí trapeze ńkọ́? Ẹni tó wà lórí trapeze de ìgbànú líle kan mọ́ ìdí, ó fi wáyà tó ti òkè òpó wá kọ́ ìgbànú náà, ó fẹsẹ̀ ti etí ikùn ọkọ̀, ó sì fẹ̀yìn lé òfuurufú, gẹ́lẹ́ bí adẹ́mu ṣe ń fara lé igbà lórí ọ̀pẹ. Jíjìnnà wọn á di bíi mítà 3.1, a sì ti kọjá 400. Ohun tí èèyàn méjì yẹn ń gbé ju ìlọ́po méjì ohun tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé lọ. Àwọn èèyàn gan-an ni ìwọ̀n tó ń mú ọkọ̀ náà dúró, bí wọ́n bá sì sún mítà kan péré, ọkọ̀ á mọ̀.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Rodney March ya Tornado, ọkọ̀ náà sì borí nínú ìdánwò tí àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìdíje ọkọ̀ afẹ́fẹ́ ṣe ní 1967 láti mú katamaráànì èèyàn méjì tó dára jù. Eré ni wọ́n wá, eré náà ni wọ́n sì rí. Ó gùn tó mítà 6.1, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ó ní pákó nínú ikùn kọ̀ọ̀kan. Ìdíje Òlíńpíìkì gbà á wọlé ní 1976, Reg White àti John Osborn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba wúrà ọdún yẹn. Ó wà níbẹ̀ títí di 2008. Láàárín, Alex Welter àti Lars Björkström gba wúrà fún Brazil ní 1980, Roman Hagara àti Hans-Peter Steinacher sì gbà á fún Austria lẹ́ẹ̀mejì léraléra, 2000 àti 2004. Austria, ilẹ̀ tí kò ní etí òkun rárá! Tornado yára ju Hobie 16 lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ojú títì lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ dà á délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ohun tí wọ́n fi ń fà á, tàbí kí wọ́n tú u palẹ̀. Òfin rẹ̀ sì fàyè gba kí oníkálukú wá ìgbòkun àti òpó tó dára jù lọ kiri. Lẹ́yìn 2000, wọ́n tún fi ìgbòkun ńlá kan kún un níwájú, wọ́n sì ní kí ẹni méjèèjì máa jáde sórí trapeze. Owó wá di apá kan nínú eré náà.

Òfin Hobie 16 kò gba irú ìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ṣe jáde nílé iṣẹ́ ni wọ́n ń wà á. Nínú ìdíje àgbáyé rẹ̀, àwọn olùdíje kì í gbé ọkọ̀ wá rárá: àwọn tó ṣètò ló ń pèsè ọkọ̀ tuntun tó bá ara wọn mu, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ọkọ̀ láàárín àwọn olùdíje láti ìdíje kan dé òmíràn. Ẹni tó bá ṣe ipò ìkẹyìn lórí ọkọ̀ kan lè wo ẹlòmíràn kó fi ọkọ̀ yẹn kan náà gba ipò kìíní ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Àwáwí kú pátápátá. Ìwọ̀n ara nìkan ni wọ́n tún ń ṣọ́: àpapọ̀ àwọn méjì kò gbọ́dọ̀ dín sí kílò 129. Ẹni tí kò bá pé á di ẹrù mọ́ ọkọ̀ títí á fi pé. Nítorí pé ìwọ̀n yẹn kéré, tọkọtaya, bàbá àti ọmọbìnrin rẹ̀, ìyá àti ọmọkùnrin, gbogbo wọn ló lè díje.

Báwo wá ni ìdíje ṣe ń lọ? Ìlà ìbẹ̀rẹ̀ wà láàárín ọkọ̀ ìgbìmọ̀ àti àmì kan tó léfòó. Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ta àsíá kan. Bó bá ku mẹ́rin, wọ́n ta òmíràn. Bó bá ku ẹyọ kan, wọ́n sọ èyí kejì kalẹ̀. Bí àkókò bá pé, wọ́n sọ èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀, ó di eré. Àsíá ni kí ẹ máa wò o, ariwo ìbọn tàbí fèrè lè kùnà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ọkọ̀ bí ogójì lè wà níbi tóóró kan, tí gbogbo wọn ń wá àyè. Òfin méjì ló gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù láti ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ yà fún un. Bí àwọn méjì bá jọ ń lọ sí ìhà kan náà tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó wà níhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ yà fún èkejì. Ẹni tó bá rú òfin lè fi yíyí ọkọ̀ rẹ̀ po san ìtanràn lójú ẹsẹ̀, kó sì máa bá eré lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń dojú kọ afẹ́fẹ́ ni ẹ ti máa rí ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí alátakò bá gba iwájú rẹ, tí o wá ń jẹ afẹ́fẹ́ tí ìgbòkun rẹ̀ ti lò tán, o kàn máa yí ni, o máa wá afẹ́fẹ́ tuntun. Lórí Hobie 16, yíyí ń náni ní ọ̀nà tó pọ̀, nítorí ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í yí lásán. Wọ́n á ti ka omi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti le, wọ́n á gba ìhà yẹn lọ jìnnà, wọ́n á sì fara da afẹ́fẹ́ burúkú fún ìgbà díẹ̀ dípò kí wọ́n yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá bínú yí nítorí pé alátakò rẹ̀ yí, ó ti fún un ní ẹ̀bùn.

Nígbà tí wọ́n bá ń padà, tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wọn, wọn kì í jẹ́ kó wà lẹ́yìn tààrà. Ọkọ̀ fúyẹ́ tó bá ń sáré máa ń ṣẹ̀dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀: bó bá gba ẹ̀gbẹ́, eré rẹ̀ á fi kún afẹ́fẹ́ tó ń lu ìgbòkun, ìgbòkun á tún fi kún eré. Ọ̀nà náà gùn ju títọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó yá jù. Ohun kékeré kan tó ń yí ní iwájú ọkọ̀, tó ń fi ìhà afẹ́fẹ́ hàn, ni wọ́n ń wò. Bí afẹ́fẹ́ bá rọ, wọ́n á sún síwájú kí ìdí ọkọ̀ lè gòkè kúrò nínú omi. Bó bá le, wọ́n á sá sẹ́yìn dé ìdí pátápátá nítorí takìtì. Ẹni kìíní gba máàkì 1, ẹni kejì 2, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù lẹ́yìn gbogbo ìdíje, tí wọ́n bá ti yọ èyí tó burú jù kúrò, ló borí.

Mo ṣèlérí ọkọ̀ tó ń fò. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Tornado, ìdíje Òlíńpíìkì 2012 kò ní katamaráànì kankan. Ní 2016, ní Rio, wọ́n mú Nacra 17 wọlé. Àwọn Morrelli àti Melvin ló ya á, mítà 5.25 ni gígùn rẹ̀, òfin rẹ̀ sì ni pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló gbọ́dọ̀ wà á. Santiago Lange àti Cecilia Carranza ti Ajẹntínà ló gba wúrà. Ẹni ọdún 54 ni Lange, ọdún tó ṣáájú ni wọ́n gé apá kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Láti 2017, wọ́n fi apá pẹlẹbẹ sí abẹ́ ọkọ̀ náà tó ń gbé e kúrò lójú omi. Ruggero Tita àti Caterina Banti ti Ítálì ló gba wúrà méjèèjì tó tẹ̀ lé e, ti Tokyo àti ti Marseille ní 2024. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n apá abẹ́ rẹ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ fara kan iyanrìn, owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe kì í ṣe ti olówó oṣù. Mi ò bú u. Mi ò kàn ní fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn tí mo jókòó, wọ́n béèrè ìbéèrè, mo sì fẹ́ kọ méjì sílẹ̀ níbí.

Ìyá kan béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Èkó. Mo ní, ẹ ṣé mà, àwọn èèyàn ti ń fi afẹ́fẹ́ wa ọkọ̀ ní Èkó tipẹ́, ọdún 1932 ni wọ́n ti dá Lagos Yacht Club sílẹ̀. Ọ̀sà ni mo máa kọ́kọ́ mú ju òkun lọ, nítorí ìgbì etí òkun wa le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àìní pákó lábẹ́ rẹ̀ á tún ràn wá lọ́wọ́ níbi tí omi kò ti jìn àti níbi tí ewéko orí omi ti pọ̀, ìtọ́kọ̀ nìkan ni ewéko máa kọ́, wọ́n sì lè gbé e sókè láti já a. Àwọ̀n àwọn apẹja ni kí wọ́n yà fún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wáyà iná tó bá sì gba orí omi kọjá, kí wọ́n má sún mọ́ ọn láé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun rí àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ tà, kí ni kí òun wò? Mo ní, àbúrò, má wo ìgbòkun tó dán. Fi àtàǹpàkò tẹ orí ikùn méjèèjì, pàápàá níwájú òpó kúkurú tó gbé aṣọ ìjókòó. Bó bá rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, fiberglass ti tú kúrò lára fóòmù, ikùn yẹn kò ní pẹ́ kán. Fi ìka kàn án káàkiri, kó o fetí sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti yí padà. Wo ìdí ikùn níbi tí ó ti ń fi iyanrìn ha, bóyá ó ti tín-ín-rín. Wo ibi tí wáyà tó di òpó mú ti so mọ́ ọkọ̀, bí okùn irin kan bá ti já nínú wáyà náà, pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kó o tó wọ omi. Lẹ́yìn náà, béèrè iye tó ń tà á, kó o sì yọ owó wáyà tuntun kúrò nínú rẹ̀.